Ẹ Má Tíì So Ẹ́ńjìnnì Mọ́ Ọn

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n sọ fún mi pé ẹ dáwó jọ, ẹ ra bóòtì ìgbòkun àlòkù kan, ẹ sì ti gbé e dé etí omi ní Ìpákódò. Hobie 16 ni wọ́n ní ó jẹ́, bóòtì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní katamaráànì. Ẹ kú oríire. Wọ́n tún sọ ìyókù fún mi: pé ẹ ti ń wá Yamaha 40 tí ẹ máa so mọ́ ìdí rẹ̀, pé káfíńtà ti wá wọn àárín rẹ̀ kó lè kan pákó àti àga mẹ́wàá sí i, kí ẹ lè máa kó àwọn tó fẹ́ gbafẹ́ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. N kò bínú sí i. Ọmọ tó ń wá ohun tó máa ṣe jẹun kì í ṣe ọmọ burúkú. Ṣùgbọ́n kí káfíńtà yẹn tó lu ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ó dà bíi pé ọkọ̀ èrò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sọnù lẹ rò pé ẹ rà.

Ará Kalifọ́níà kan, Hobie Alter, ló ṣe é. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pákó tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gun ìgbì létí òkun. Ó ti kọ́kọ́ ṣe èyí tó kéré jù ú lọ, Hobie 14, ní 1968; nígbà tó fi máa di 1970, òun àti Phil Edwards ti gbé 16 yìí jáde. Bóòtì tí ènìyàn méjì lè tì kúrò lórí yanrìn ló ń wá, kó la ìgbì tó ń fọ́ kọjá, kí wọ́n sì tún wà á gun yanrìn padà láìwá èbúté. Ibẹ̀ ni gbogbo ìrísí rẹ̀ ti wá. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bóòtì ìgbòkun ní pákó kan tó yọ sísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí kò ní. Ara ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni Alter gbé iṣẹ́ pákó náà lé. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta tẹ́jú, èyí tó kọjú sínú yọ ikùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tẹ bóòtì náà, ẹsẹ̀ tó jìnnà sí afẹ́fẹ́ á wọ omi síi, ikùn yẹn á sì máa fà á padà sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ìtọ́kọ̀ méjèèjì tó wà nídìí rẹ̀ náà máa ń ká sókè bí wọ́n bá kanlẹ̀. Ọ̀sà wa kò jìn, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò tó mítà mẹ́ta. Ọkùnrin yẹn kò dé etí ọ̀sà ní Báyékù rí, àmọ́ bóòtì rẹ̀ yẹ Báyékù.

Ẹ jẹ́ ká wá ka iye rẹ̀, nítorí inú iye ni ọ̀rọ̀ mi wà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5.05. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.41. Ó wọn kílò 145. Òpó rẹ̀ ga tó mítà 8, ìgbòkun méjèèjì pa pọ̀ sì tó 20 mítà onígun mẹ́rin. Ọkọ̀ igi àwọn apẹja wa tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ̀ tó ìdajì rẹ̀, ó sì máa ń wúwo jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì BRT mọ èyí: ẹni tó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ dúró ló ń ṣubú nígbà tí awakọ̀ bá tẹ búrẹ́kì, ẹni tó ya ẹsẹ̀ kì í ṣubú, bó tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Yíya ẹsẹ̀ ló mú bóòtì yìí dúró. Kì í ṣe ìwúwo.

Àmọ́ yíya ẹsẹ̀ nìkan kò tó. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nínú omi, ohun tó ń bá a jà ni kílò 145 tí bóòtì náà wọn, tó wà láàárín, ní mítà 1.2 sí ẹsẹ̀ kejì. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ máa rí nǹkan bí 175. Ní báyìí, ẹ mú ọ̀kan nínú yín tó wọn kílò 75, ẹ fi ìkọ́ ìbàdí rẹ̀ kọ́ wáyà tó ti orí òpó wá, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ etí bóòtì, kó na gbogbo ara rẹ̀ síta lórí omi. Àárín ara rẹ̀ ti fi nǹkan bí mítà 3.3 jìnnà sí ẹsẹ̀ kejì. 75 lọ́nà 3.3, ó lé ní 245. Ara ọmọ ènìyàn kan ṣoṣo ti lágbára ju odindi bóòtì lọ. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹrù tó ń mú un dúró, ẹrù tó lè sún, tó sì lójú láti fi wo afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá kan àga mọ́ ọn, tó ní kí èrò jókòó jẹ́ẹ́, ti pa ohun tó dára jù lọ lára rẹ̀.

Ìyára rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tó ti wá. Ọkọ̀ tó bá ní ikùn gbòòrò máa ń ti omi síwájú, ìgbì tó fúnra rẹ̀ dá á sì dí i lọ́nà. Àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ní ìṣirò kan fún un: ẹ wọn gígùn ọkọ̀ lójú omi ní ẹsẹ̀ bàtà, ẹ wá iye tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ó máa jẹ́ gígùn yẹn, ẹ wá fi 1.34 sọ ọ́ di púpọ̀. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16, iye yẹn jẹ́ 4, èsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀tì 5.4, bíi kìlómítà 10 ní wákàtí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ oníkùn gbòòrò ti máa ń rí ògiri. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í dá ìgbì tó bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń la omi kọjá. Bí afẹ́fẹ́ bá le dáadáa, tó sì ń wá láti ẹ̀gbẹ́, Hobie 16 lè kọjá nọ́ọ̀tì 15, ìyẹn kìlómítà 28 ní wákàtí, láìjó epo kankan.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ti ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì rin ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ kí òyìnbó kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1876, Nathanael Herreshoff, ará Amẹ́ríkà, gbé irú rẹ̀ tó ṣe, Amaryllis, wá sí ìdíje kan ní New York, ó sì já àwọn ọlọ́kọ̀ ńláńlá sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi san án fún un ni pé wọ́n lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìdíje wọn. Ojú ń ti olówó láyé bó ti ń ti tálákà.

Ẹ wá padà sí Yamaha yín. Ènìyàn mẹ́wàá tó wọn kílò 70 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 700, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n bóòtì náà. Ènìyàn méjì ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ̀ oníkùn gbòòrò á rì sísàlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá di ẹrù lé e. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní ibi tó máa gbé e sí, á rì púpọ̀, imú rẹ̀ á sì wọ omi. Ọ̀pá àlùmíníọ́mù tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó yẹ kó wà lókè ìgbì, á wá máa gbá ìgbì ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì 40 fúnra rẹ̀ wúwo tó ènìyàn kan, ìdí pátápátá ni ẹ sì fẹ́ gbé e kọ́, níbi tí kò sí pákó tó lè gbà á. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá LASWA sílẹ̀ láti 2008 láti máa bójú tó ọkọ̀ èrò lójú omi Èkó, kò sì sí òṣìṣẹ́ wọn tó mọ iṣẹ́ tó máa fi ọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, èmi kò fọwọ́ sí i.

Ó ti gbó, ẹ má gbàgbé. Oòrùn tó ti pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe oòrùn kékeré. Ẹ mú owó ẹyọ, ẹ máa fi kan orí ẹsẹ̀ méjèèjì láti imú dé ìdí. Ibi tó bá dún gban-gbàn dára. Ibi tó bá dún bọ̀, tó sì rọ̀ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, fáíbà òkè ti bó kúrò lára fóòmù tó wà láàárín níbẹ̀. Ẹ níláti lu ihò wẹ́wẹ́, kí ẹ fún epoxy sí i kó tún lẹ̀ pọ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ibẹ̀. Ẹ yọ ìdérí tó wà ní ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé imú rẹ̀ sókè, kí omi tó bá wà nínú rẹ̀ jáde. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, bóòtì tó sì ń gbé omi kiri ti di ọ̀lẹ kó tó kúrò ní èbúté. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọ̀pá ti pàdé òpó kúkúrú tó wà lórí ẹsẹ̀. Bí ó bá ń mì, ẹ tú u, ẹ má fi okùn dì í.

Wáyà tó di òpó mú ni kí ẹ má bá mi jiyàn lé lórí. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀sà ní ìhà Ìkòròdú níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òjò á wá fọ̀ ọ́ di omi dídùn, bó sì ṣe ń súnmọ́ Ẹ̀pẹ́ ni iyọ̀ rẹ̀ ń dín kù. Iyọ̀ yẹn máa ń sápamọ́ sínú ibi tí wọ́n ti tẹ wáyà mọ́ ìkọ́ rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú, ìta á sì máa dán bí tuntun. Wáyà kan ló máa já, òpó mítà mẹ́jọ á sì wó lé yín lórí. Aṣọ tí ẹ ń jókòó lé láàárín náà, ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀: òwú máa ń gbó kí aṣọ tó gbó.

Nígbà tí ẹ bá wá ṣe gbogbo èyí tán, ẹ lè máa ronú Ẹ̀pẹ́. Bí a bá fa ìlà tààrà, ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 50, ìlà oòrùn sì ni ẹ ń kọjú sí. Ojú omi yìí náà ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ogun lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Ó di 1862 kó tó padà wálé. Nígbà yẹn, àjẹ̀, ọ̀pá àti afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ mọ bí omi ṣe gùn tó, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Afẹ́fẹ́ wa, gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló sábà máa ń ti wá, ọ̀sán ló sì máa ń le jù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ, ẹ̀yìn yín lápá ọ̀tún ló máa wà. Ìdùnnú bóòtì yìí nìyẹn. Ẹ kàn má jẹ́ kó wà ní ẹ̀yìn gbọọrọ. Ìgbòkun tí àwọn Ẹ̀gùn fi àpò ìrẹsì rán ní Makoko, àti lórí ọ̀sà Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà, ó sì máa ń gbé wọn lọ láìsí wàhálà. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ pátápátá, á máa fà nílẹ̀, imú rẹ̀ á sì fẹ́ wọ omi. Ẹ má darí rẹ̀ tààrà, ẹ lọ sápá kan fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún yà sí èkejì. Ọ̀nà á gùn, ẹ ó sì yá dé.

Àbọ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá kọjú sí Ìkòròdú, afẹ́fẹ́ á wà níwájú yín lápá òsì, ní ìdajì ọ̀nà láàárín imú àti ẹ̀gbẹ́ bóòtì, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára rẹ̀ parí sí. Bí afẹ́fẹ́ bá fi díẹ̀ yí sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ kò ní lè lọ tààrà mọ́, ẹ ó máa yà sí òsì, ẹ ó máa yà sí ọ̀tún. Yíyà yẹn ló máa ń dójú ti ọmọdé. Ọkọ̀ tó wúwo máa ń fi ìwúwo rẹ̀ yí kọjá ojú afẹ́fẹ́. Èyí fúyẹ́, á dúró sáàárín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ẹ tú okùn ìgbòkun ńlá díẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan ti kékeré. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún un láti òdì, kó ti imú bóòtì kọjá sí apá kejì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yí i. Ẹni tó bá kánjú tú ìgbòkun kékeré yóò sùn síbẹ̀. Ẹ fi èyí kọ́ra láàárín Ìpákódò àti Ìbẹ̀ṣẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ Ẹ̀pẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó dojú dé. Gbogbo ẹni tó ń wa Hobie 16 ló ń dojú dé, ohun tó sì máa ń fà á jù ni pé ẹsẹ̀ tó jìnnà sí afẹ́fẹ́ á ki imú bọ omi, bóòtì á dúró lójijì, ìdí rẹ̀ á sì fò kọjá lórí. Bí ẹ bá rí i pé imú yẹn ti ń rì, ẹ sá lọ sẹ́yìn, ẹ tú okùn ìgbòkun. Ní òkun, ewu tó tẹ̀ lé e ni pé òpó á kọjú sísàlẹ̀ pátápátá. Ní ọ̀sà tiwa, òpó mítà mẹ́jọ nínú omi tí kò tó mítà mẹ́ta, ẹrẹ̀ ló máa gún, ẹrẹ̀ Ìkòròdú kì í sì í yára fi nǹkan sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ ra bọ́ọ̀lù aléfòó tí wọ́n ń dì mọ́ orí òpó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó burú lójú. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí imú rẹ̀ yí sí ìhà afẹ́fẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì wá dúró lórí ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ di okùn mú, kí ẹ sì fi gbogbo ara rọ̀ sẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè ṣe é. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì á ti wà lọ́rùn yín kó tó di pé ẹ kúrò nílẹ̀; n kò ní sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìjì tó le jù fún ọkọ̀ kékeré lórí ọ̀sà yìí, ìlà oòrùn ló ti ń wá, ìyẹn ni pé òdì sí afẹ́fẹ́ tí ẹ ti mọ́ lára. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti ìgbà tí òjò fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ gúúsù á kú lójijì, ojú ọ̀run ìhà Ẹ̀pẹ́ á ṣú, ooru á mú, lẹ́yìn náà ni yóò dé. Bí ẹ bá ń lọ, iwájú yín ló wà, ẹ ó rí i. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ̀yìn yín ló máa wà, nítorí náà kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjì máa bojú wẹ̀yìn. Ẹ má dúró de kó dé kí ẹ tó sọ ìgbòkun kalẹ̀: okùn tó gbé ìgbòkun ńlá sókè ní ìkọ́ lókè téńté òpó, bí ẹ kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, ẹ lè fà á títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ kọ́ ọ lórí ilẹ̀, kí ẹ lè ṣe é bí ojú bá dì. Etí omi tó bá súnmọ́ yín jù lọ ni kí ẹ forí lé. Bóòtì tí wọ́n ṣe kó lè gun yanrìn ni, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún máa wo òkè. Òpó yín, irin ni. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bọ́ nígbà tí òpó irú bóòtì yìí kan wáyà iná, títí tí ilé iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáíbà ṣe apá òkè rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tó bá jẹ́ àlùmíníọ́mù ni tiyín láti òkè délẹ̀, ẹ má gbé òpó ró nínú àdúgbò kí ẹ wá máa tì í lọ sétí omi lábẹ́ wáyà tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Omi gan-an ni kí ẹ ti gbé e ró. Lójú omi, ẹ ṣọ́ra fún wáyà ńlá tó ń gbé iná láti Ẹ̀gbìn sọdá ọ̀sà lọ sí ìhà Ajah. Ní ti àkàjà, igi tí àwọn apẹja gún mọ́ inú omi kí ẹja lè máa gbé ibẹ̀, àti koríko orí omi, ìtọ́kọ̀ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ẹ yà fún àkàjà nítorí pé owó ẹlòmíì wà nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹrù àti èrò ló wà lọ́kàn yín, kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti ìgbòkun, ẹlẹ́sẹ̀ méjì mìíràn wà. James Wharram, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi igi kan Tangaroa, tí kò gùn ju nǹkan bí mítà 7 lọ, òun àti àwọn obìnrin ọmọ Jámánì méjì sì wà á láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955 títí wọ́n fi sọdá Àtìláńtíìkì dé Trinidad. Àwòrán ọkọ̀ tó yà lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tó ń kan ọkọ̀ fúnra wọn ló yà á fún: plywood, epoxy, okùn sì ni wọ́n fi ń di ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ dípò irin ìdè, kí wọ́n lè máa mì díẹ̀ lórí ìgbì láìsán. Ọ̀kan nínú wọn, Tiki 21, tí kò pé mítà 6 ààbọ̀, ni Rory McDougall fi yí gbogbo ayé ká láàárín 1991 sí 1997. Àwọn káfíńtà ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ lè ṣe èyí, wọn ò kàn tíì ní ìdí láti ṣe é. Mo mọ̀ pé ìrókò ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, nítorí pé ìrókò kì í tètè jẹrà. Ìrókò wúwo. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi mọ sí ibi tí agbára ti pọn dandan.

Hobie yín, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Lagos Yacht Club ti wà l'Ékòó láti 1932, Hobie 16 sì wà lára àwọn bóòtì tí wọ́n fi ń díje níbẹ̀. Ẹ lọ kí wọn, ẹ ní ẹ fẹ́ wá kọ́ṣẹ́, ẹ gbé ìgbéraga yín sílẹ̀ sí Ìpákódò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà dáadáa lè máa kọ́ ẹlòmíì, ọmọ ilé ìwé kan lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbowó ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ní Ìkòròdú ni omi wà lẹ́yìn ilé wọn tí ọmọ wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò. Owó Yamaha tí ẹ ti kó jọ, ẹ fi ra wáyà tuntun fún òpó, láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, bọ́ọ̀lù orí òpó, epoxy àti ìkọ́ ìbàdí méjì. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ ra ìgbòkun ńlá tuntun. Wọ́n ti ròyìn èyí tó wà lórí rẹ̀ fún mi: ó ti na bí aṣọ àlòkù, kò sì ní gbé yín padà láti Ẹ̀pẹ́.